Aṣọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wọ̀ Rí

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà bí ohùn mi bá lọ sókè jù, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ Vinka àti Jerko ọkọ rẹ̀ ni. Òkè ilé tí mò ń gbé ni wọ́n wà, ní Čiovo, erékùṣù tó kọjú sí ìlú Trogir, tí afárá so pọ̀ mọ́ ọn. Bí Jerko bá wúkọ́ lókè, èmi ni mo máa ń ṣe pẹ̀lẹ́ fún un láti ìsàlẹ̀.

Wọn kì í ṣe ẹni ńlá. Jerko fi ìgbà èwe àti ìgbà àgbà rẹ̀ jó irin mọ́ irin níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ariwo ibẹ̀ sì ti ba etí rẹ̀ ọ̀tún jẹ́. Vinka ní tirẹ̀, aránṣọ ni. Láyé ọjọ́sí, bí o bá rí ìyàwó tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Trogir, tí aṣọ rẹ̀ bá a lára mu, má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó rán an. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lawọ́.

Àárín ìlú àtijọ́ gan-an ni wọ́n bí Vinka sí, ní ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, níbi tí ènìyàn méjì ò ti lè kọjá lára wọn kí ọ̀kan má fara gbo ògiri. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Jerko, ibẹ̀ ló ti bí Perina, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ilé náà kì í ṣe tiwọn. Bàbá kan tó ń jẹ́ Grgo ló ni ín. Òun ló fún wọn ní yàrá lókè, kò sì fìgbà kan yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyàwó Grgo ti kú nígbà tí Dražen, ọmọkùnrin rẹ̀, ṣì kéré. Ta ló ń fún Dražen lọ́bẹ̀ jẹ bó bá ti ilé ìwé dé? Vinka ni. Ta ló ń bá a lẹ ṣòkòtò rẹ̀ bó bá ya lórúnkún? Vinka náà ni. Lórí àtẹ̀gùn ilé yẹn ni òun àti Perina ti jọ kọ́ bí a ṣe ń kàwé.

Nígbà tí Grgo kú, ilẹ̀ sàréè rẹ̀ ò tíì gbẹ tí Dražen fi gbé kéèkì wá bá wọn.

Ó ní, "Àǹtí Vinka, òrùlé ń jò. Mo fẹ́ tún un ṣe. Ẹ ṣáà bá mi kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá ti ṣe é tán, ẹ ó padà wọlé yín."

Vinka gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò fi ní gbà á gbọ́? Ọmọ tó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ dàgbà! Wọ́n kó ẹrù sọdá afárá. Dražen tún òrùlé ṣe lóòótọ́, ó kun ilé, ó gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun wọlé, àwọn arìnrìn-àjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn níbẹ̀. Nígbà tí Jerko lọ bèèrè, Dražen ní kí wọ́n bá òun ní sùúrù, pé owó òrùlé ò tíì padà. Títí di òní olónìí, ó jọ pé owó ọ̀hún ṣì wà lójú ọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni Vinka ò ti fẹsẹ̀ tẹ inú ìlú mọ́. Bó bá ń lọ sọ́jà, ẹ̀bá omi ló máa ń gbà, á máa yí odi ìlú po bí ẹni tó ń yẹra fún àgbàlá ọ̀tá, títí á fi yọ sẹ́yìn ìlú. Bí òjò ń rọ̀, bí ẹ̀fúùfù òtútù ń fẹ́, kò ní gba àárín rẹ̀ kọjá.

Perina ti wà ní Stuttgart, ní Jámánì, níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ lájò, bó bá rántí ilé, oòrùn nìkan ló máa ń rántí, kì í rántí ooru. Nígbà tí àyájọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ ń bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án, ó fi fóònù ra ẹ̀bùn fún wọn: ìrìn afẹ́ ọlọ́jọ́ kan fún tọkọtaya, ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi rìn ín, ẹnìkan yóò sì máa ṣàlàyé ohun gbogbo fún wọn, oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀. Ibo ni wọ́n fẹ́ rìn? Inú ìlú àtijọ́ Trogir.

Mo gbọ́ igbe Vinka láti ìsàlẹ̀.

"Perina! Ṣé orí rẹ pé? O fẹ́ kí àjèjì mú mi lọ wo ibi tí mo bí ọ sí?"

Ó ti fi ohùn Perina síta lórí fóònù, kí Jerko lè gbọ́. Perina ní, "Màámi, ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ̀yin lẹ ò wọ ìlú mọ́. Mo ní bóyá bí ẹnìkan bá mú yín lọ́wọ́ …"

"Ṣé mo fọ́jú ni?"

Jerko dá sí i. "Vinka, èmi á lọ o."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Mo fẹ́ rí fèrèsé wa kí n tó kú."

"Ta ló sọ fún ọ pé o fẹ́ kú? Ìwọ tí o jẹ àwo ẹja méjì lánàá!"

"Ṣé kí n má jẹun ni? Gbọ́ mi, ìyá Perina. Ẹni tó fi irọ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹni ló yẹ kó máa fara pamọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwa là ń gba ẹ̀yìn odi kiri?"

Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tó ń na aṣọ aláwọ̀ búlúù rẹ̀ tó dára jù lórí pákó ìlọṣọ, mo sì mọ̀ pé wọ́n á lọ.

Ẹnu ibodè ìlú ni wọ́n ti pàdé ẹni tí yóò mú wọn kiri. Ọmọbìnrin kan ni, Lorena lorúkọ rẹ̀, ará Slavonia, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó jìnnà sí òkun. Ó gbé agbòòrùn aláwọ̀ òféèfèé sókè kí wọ́n lè máa rí i. Àwọn tọkọtaya mìíràn wà níbẹ̀, àlejò ni gbogbo wọn, wọ́n wọ bàtà bí ẹni tó fẹ́ gun òkè. Lorena ń kọ orúkọ kálukú àti ibi tó ti wá sórí bébà kékeré, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn láyà.

"Ìyá, ibo lẹ ti wá?"

"Trogir."

Lorena rẹ́rìn-ín. "Trogir la wà yìí, ìyá. Ibi tí ẹ ti wá ni mò ń bèèrè."

"Ohun tí mo dáhùn náà nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà wo Jerko bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Jerko na àyà sí i. "Kọ Trogir sí tèmi náà. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Bí wọ́n ṣe wọ ìlú wọn nìyẹn, pẹ̀lú bébà láyà bí ẹrù tó fẹ́ wọkọ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì láyé ọjọ́sí, ère kìnnìún kéékèèké tí ń lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù Kuzma, tó máa ń gẹrun Jerko, ti di ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkriìmù. Jerko dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ti pá, ó ní, "Ó dáa náà. Kuzma ò bá má rí nǹkan kan gé mọ́." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n ti kan àpótí irin kékeré onínọ́mbà mọ́ ọn. Inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà: àlejò á tẹ nọ́mbà, á mú kọ́kọ́rọ́, á wọlé sùn, á lọ, láìrí ojú onílé rárá. Vinka bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ní ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: Ane ló ń gbé ibí. Ibí ni Tome tó máa ń kọrin bó bá yó. Ibí ni ìyá àwọn ìbejì. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ ọ́ bọ̀ lẹ́nu ni, bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn òkú ní ìsìn.

Lorena ní tirẹ̀ ń ṣàlàyé. Ó máa ń sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àlejò, á wá tún un sọ ní èdè tiwa fún Vinka àti Jerko. Ọba báyìí ló kọ́ tibí, bíṣọ́ọ̀bù báyìí ló kọ́ tọ̀hún, àwọn ará Fẹ̀nísì tó jọba lórí ìlú náà rí ló gbẹ́ kìnnìún sára ògiri.

Vinka ní, "Jerko, ṣé o ń gbọ́? Gbogbo ẹni tó dárúkọ ló ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Tí o bá gbọ́ tirẹ̀, wàá rò pé láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbé ìlú yìí mọ́ títí àwọn àlejò fi dé. Kí ni ìyá mi wá ń ṣe níbí, tó ń pọnmi? Ṣé iwin ni?"

Wọ́n jẹun ọ̀sán ní gbangba kan tí oòrùn ti ń pa ènìyàn. Orúkọ tí wọ́n fún oúnjẹ náà ni oúnjẹ apẹja. Wọ́n gbé ẹja wá, wọ́n to ewé sí i yí ká. Jerko fi orí fọ́ọ̀kì tẹ ojú ẹja náà, ó tún un tẹ̀.

Ó pe ọmọkùnrin tó gbé e wá. "Ọ̀rẹ́, ibo lẹja yìí ti wá?"

Ọmọkùnrin náà ní òun ò mọ̀, pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nepal ni.

Jerko ní, "Kò burú. Káàbọ̀ o. Àmọ́ ẹja yìí ti kú kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́." Ó sì jẹ ẹ́ tán, nítorí Jerko kì í torí ìbínú ṣàìjẹun. Vinka ò fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Lorena darí wọn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Vinka mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí ó tó sọ ọ́. Ó di apá Jerko mú. Ní ẹnu ọ̀nà tóóró náà, wọ́n ti kan pátákó kan mọ́ ògiri: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, àwọn àlejò wa ń sinmi.

"Kí n dákẹ́!" ni Vinka wí. "Níbi tí igbe ìrọbí mi ti jí gbogbo àdúgbò!"

Lorena ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbé agbòòrùn sókè, ó ní, "Ibí ni ẹ ti máa rí bí ará Trogir ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn gan-an. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ìlú àtijọ́ sílẹ̀ fúnra wọn, torí wọ́n fẹ́ràn ilé ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè!"

Gbogbo wọn wòkè. Okùn kan wà lókè orí wọn, láti fèrèsé ilé kan dé ti ilé tó dojú kọ ọ́, aṣọ sì wà lórí rẹ̀ kítikìti: aṣọ ìbora funfun, ṣẹ́ẹ̀tì onílà, búláòsì pupa, aṣọ ọmọ ọwọ́. Oòrùn ń gba inú wọn kọjá. Àwọn àlejò gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fọ́tò.

Okùn yẹn, Vinka ló ni ín, òun àti Dobrila tó ń gbé lódìkejì. Jerko ló fi irin ṣe kẹ̀kẹ́ kéékèèké sí igun méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá fà á láti fèrèsé kan, aṣọ á rìn lọ sí èkejì. Obìnrin méjèèjì ti fi okùn yẹn ránṣẹ́ síra wọn rí: búrẹ́dì, ìwé ìròyìn, àní ọmọ ológbò kan nínú agbọ̀n.

Vinka wo aṣọ ọmọ ọwọ́ yẹn. Ó bi Lorena pé, "Ta ló bímọ níbí?"

"Ìyá?"

"Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni mo rí. Ta ló bímọ?"

Kí Lorena tó wá ohun tí yóò sọ, fèrèsé òdìkejì ṣí, orí funfun kan yọ síta.

"Vinka? Ṣé ìwọ ni? Ohùn rẹ ni mo gbọ́ o!"

Dobrila ni. Òun nìkan ló kù ní ọ̀nà yẹn, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ni ilé tó ń gbé. Kò ní ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé àtẹ̀gùn mọ́.

"Dobrila, ta ló bímọ?"

"Ọmọ wo? Ẹnikẹ́ni ò bímọ níbí láti ọjọ́ Perina! Aṣọ Dražen nìyẹn. Rírà ló rà á. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Òjò ló ń fọ̀ ọ́, oòrùn ló ń sá a. Ó ní àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀ nínú fọ́tò."

"Tìrẹ ńkọ́? Ibo lò ń sá tìrẹ sí?"

Ojú ń tì í. "Inú ilé ni. Lórí àga. Ó ní kí n má sá a síta mọ́, pé àwọtẹ́lẹ̀ mi ń ba ojú ọ̀nà jẹ́. Kì í tètè gbẹ, Vinka. Gbogbo ilé ń rùn. Àyà ń dùn mí."

Mo ti sọ pé ẹnu Vinka mú. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ló kọ́kọ́ lò. Ó já bébà àyà rẹ̀, ó fi lé Lorena lọ́wọ́, ó wọ ẹnu ọ̀nà Dobrila, ó gun àtẹ̀gùn. Jerko ní òun gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bẹ́ẹ̀ etí kan péré ni òun ní.

Nígbà tó dé ojú fèrèsé, ó di okùn mú, ó fà á. Kẹ̀kẹ́ náà ké. Aṣọ ìbora funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá bá a. Ó ṣí i lórí okùn, ó jù ú sílẹ̀. Ó bo tọkọtaya kan mọ́lẹ̀ bámúbámú. Ó fà á, ó ju ṣẹ́ẹ̀tì onílà. Ó fà á, ó ju búláòsì pupa. Aṣọ ọmọ ọwọ́ nìkan ló ká, tó gbé sílẹ̀ sórí fèrèsé. Ó ní òun ò lè ju aṣọ ọmọdé sí ilẹ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ irọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kó aṣọ tútù Dobrila látorí àga, ó sì ń fi wọ́n sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti rán ní gìgísẹ̀, épúrọ́ọ̀nù, àwọtẹ́lẹ̀ ńlá ńlá tó fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀. Omi ń kán sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé fóònù sókè, wọ́n rò pé ó wà lára ohun tí àwọn sanwó fún ni.

Ìgbà yẹn ni Vinka pariwo. "Ṣé eré ni mò ń ṣe fún yín? Ṣé eré lẹ pe èyí? Obìnrin àgbà ń sùn nínú ilé tó ń rùn kí ẹ lè rí fọ́tò yà! Wọ́n fi irọ́ lé mi nílé mi, wọ́n wá sá aṣọ irọ́ síbẹ̀, kí ẹ lè rò pé mo ṣì wà níbẹ̀!"

Wọn ò gbọ́ èdè. Àwọn kan ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Dražen fi sáré yọ láti igun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìdì kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí aṣọ nílẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Àǹtí Vinka? Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dójú tì mí níwájú àlejò."

"Ojú? Ṣé o ní? Ibo lo fi sí nígbà tó o gbé kéèkì wá bá mi?"

"Àǹtí, ayé ti yí padà. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Èmi náà ní ọmọ."

"Kí wọ́n wọ aṣọ tó o sá síbí nígbà náà! Àbí àwọn ọmọ rẹ náà, rírà lo rà wọ́n?"

Jerko bú sẹ́rìn-ín kó tó lè da ara rẹ̀ dúró. Ojú Dražen pọ́n. "Bí ẹ ò bá sọ̀kalẹ̀, màá pe ọlọ́pàá."

"Pè é! Èmi ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó ìyá ọlọ́pàá náà!"

Dražen ò pè é. Ó yíjú sí Lorena. "Ìwọ, kó àwọn ènìyàn rẹ kúrò níbí. Mo mọ ọ̀gá rẹ. Ọ̀la lo máa mọ̀ pé o ò níṣẹ́ mọ́."

Jerko ní ojú Lorena funfun bí ògiri. Ó ti fẹ́ gbé agbòòrùn sókè. Ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó pa á dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dražen, ṣé ẹ rántí yàrá tí mo gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá? Bí oṣù Kẹfà ṣe dé, ẹ lé mi jáde torí àlejò. Inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo sùn títí tí mo fi rí ibòmíràn. Láàárọ̀, màá fọ ojú níbi ẹ̀rọ omi gbangba, màá wá máa sọ fún àwọn èèyàn pé ará ìlú ló lọ fúnra wọn." Ó sì kọjú sí àwọn àlejò. Ó sọ fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì gbogbo ohun tí Vinka sọ, ó sọ ti òrùlé, ti kéèkì, ti àyà Dobrila. Kò fi nǹkan kan bò.

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Obìnrin kan, ará Họ́láńdì, tí aṣọ ìbora ti bò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nawọ́ sí fèrèsé tó kọjú sí ti Dobrila. Ó bi Lorena bóyá yàrá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Vinka nìyẹn. Ó ní ibẹ̀ ni òun àti ọkọ òun sùn lánàá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú báàgì rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó nà án sí Vinka tó ti sọ̀kalẹ̀.

Lorena ní, "Ìyá, ó ní kí ẹ wọlé. Ó ní ẹ wá wò ó."

Vinka wo kọ́kọ́rọ́ náà títí. Ó mi orí. "Sọ fún un pé ó ṣeun. Kì í ṣe ẹjọ́ tirẹ̀. Àmọ́ èmi ò lè jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe àlejò nínú ilé mi."

Jerko ló gba kọ́kọ́rọ́, torí fèrèsé yẹn ló tìtorí rẹ̀ wá. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n jọ rìn dé orí afárá. Ó wá ní, "Wọ́n ti wó ògiri àárín. Ibi ìdáná ò sí mọ́. Gbogbo rẹ̀ funfun, bí ọsibítù."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Fèrèsé wà."

Bí wọ́n ṣe rìn délé nìyẹn. Mo gbọ́ tí wọ́n gun òkè, ìgbà tó sì yá, mo gbọ́ ẹkún Vinka. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wá sórí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù dún láti Stuttgart. Ẹnìkan ní ọsibítù ti fi fídíò ìyá rẹ̀ han Perina, ẹni náà ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ìyá Perina ni. Vinka rò pé ó fẹ́ bá òun wí. Perina ò bá a wí. Ó ní, "Màámi, ẹ sọ fún mi pé yàrá yẹn ti kéré jù fún yín ni. Ẹ ní afẹ́fẹ́ Čiovo ló wù yín."

"Kí n wá máa sunkún sí ọ létí lókèèrè? Ìwọ tí o ń tọ́jú aláìsàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ bá ti sunkún sí mi létí."

Ní ti okùn, Dražen tú kẹ̀kẹ́ tó wà lára ògiri tirẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kejì gan-an, okùn náà sì já sílẹ̀. Ó rò pé ó parí. Jerko wọ ibi tó kó irin rẹ̀ sí lẹ́yìn ilé wa, iná sì ń ta níbẹ̀ fún odidi ọ̀sán kan. Irin gígùn bí apá ló ṣe, tó ṣeé tì síta, tó ṣeé fà wọlé, gbogbo rẹ̀ dúró lórí fèrèsé Dobrila fúnra rẹ̀, kò kan ògiri ẹnikẹ́ni. Ó gbé e léjìká sọdá afárá. Dražen lọ fẹjọ́ sùn ní ilé ìjọba ìlú. Wọ́n rán ènìyàn wá, wọ́n wòkè, wọ́n wọn ọ̀nà náà, wọ́n ní àwọn ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò. Aṣọ Dobrila ń gbẹ.

Lorena pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ bí Dražen ṣe wí. Yàrá Perina ló ń gbé báyìí, lókè mi, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kò sì sí ẹni tó ń lé e bí oṣù Kẹfà bá dé. Ilé ìtàwé kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti Vinka máa ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, mo máa ń gbọ́ wọn.

Vinka ń gba àárín ìlú kọjá báyìí. Ó ń lọ fọṣọ fún Dobrila, ó ń bá a se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ó ń bá a jókòó lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé inú rẹ̀ ti rọ̀. Ọ̀nà yẹn ṣì ṣófo. Àpótí kọ́kọ́rọ́ tuntun méjì ti tún wọ ìlú láti ìgbà náà. Bí Dražen bá sì pàdé rẹ̀ lórí afárá, á kí i pé, "Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí," Vinka á sì kọjá bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́.

Èmi ni mo ṣi ẹnu sọ lọ́jọ́ kan pé ó tó gẹ́ẹ́, pé kó dárí jì í, ọmọ tó fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ni.

Ó gbé agbọ̀n aṣọ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wò mí. "Kí n dárí kí ni jì í? Ṣé ó ti bẹ̀ mí ni?"

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.